Ọdún Tó Parí ní Kérésì, Ọdún Tó Parí Nínú Òjò

Láyé àwọn Fada òyìnbó, oṣù Kejìlá ni ọmọ ń jáde nílé ẹ̀kọ́ girama àwọn Àgùdà. Oṣù Kíní ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí wọ́n ti ń fi orin Kérésì dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń parí. Lónìí, oṣù Keje ni. Ẹrẹ̀ á ti gba ẹnu géètì, òjò á máa lu kánópì, àwọn alágbàdo á ti tò sí Lágéré lọ́tùn-ún lósì. Òpin ọdún méjèèjì yìí ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n: èyí tí àwọn bàbá wa ń ròyìn fún wa, àti èyí tí àwa òbí ìsinsìnyí ń rán aṣọ lọ wò ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú òpin ọdún ilé ẹ̀kọ́: kí wọ́n jíṣẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, kí wọ́n sì sin ẹni tó ń lọ. Lójú tèmi, ayé àtijọ́ mọ ìròyìn í jẹ́, ayé òde òní mọ ìdágbére í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àtijọ́. Àwọn Fada SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà fún ilẹ̀ Áfíríkà, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà nílẹ̀ Yorùbá. Ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1856, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ girama ń pọ̀ sí i, ọmọ Ireland ló kún àárín wọn lọ́dọ̀ wa. St. Gregory's wà l'Ékòó láti 1928, St. Theresa's wà fún àwọn ọmọbìnrin n'Íbàdàn láti 1932, Aquinas dé Àkúrẹ́ ní 1951, Loyola dé Ìbàdàn ní 1954. Ifẹ̀ náà ní St. John's tirẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá ń kàwé l'Ékòó, rélùwéè ni yóò wọ̀ dé Òṣogbo, kó tó wá mọ́tò tó máa gbé òun àti àpótí onírin rẹ̀ délé. Ọjọ́ ìdágbére, ọjọ́ ìrìn-àjò ni. Wọn ò ní àyè ijó. Mísà á wáyé láàárọ̀, ní èdè Látìn, nítorí ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Róòmù láàárín 1962 sí 1965 kò tíì ṣí ilẹ̀kùn fún èdè wa. Wọ́n á kọ Te Deum láti fi dúpẹ́ ọdún, àwọn ọmọ á sì fi gbogbo ohùn kọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni ó yé wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà á dìde ka ìròyìn ọdún. Àwọn àgbà tó jókòó tì í sọ pé ó máa ń gùn, pé oorun a máa kun àwọn ọmọ kékeré tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Iye ọmọ tó wọlé, iye tó kù. Iye tó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, tí í ṣe ti Cambridge títí WAEC fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1955: mélòó ló gba onípò kìíní, mélòó ló gba onípò kejì, mélòó ló fìdí rẹmi. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń parí ìdánwò náà, nítorí náà èsì àwọn tó ń dágbére kò tíì dé. Ti àwọn tó jáde lọ́dún tó ṣáájú ni yóò kà, kí àwọn tó ń lọ lè mọ ibi tí àwọn tó ṣíwájú wọn dé. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jẹ àti èyí tí wọ́n fi jẹ wọ́n. Òrùlé tí ìjì ká lọ. Ọmọ tó ṣàìsàn tó sì kú, a ó dárúkọ rẹ̀, a ó dìde dúró. Tíṣà tó ń lọ, a ó sọ ibi tó ń lọ: èyí gba àyè ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí ni wọ́n gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn, Fada yìí ń lọ sinmi ní Ireland, bóyá yóò padà, bóyá kò ní padà. Ẹni tó bá ń lọ kì í yọ́ lọ.

Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ àtijọ́ fọ́ wa lójú. Ta ni wọ́n ń ka ìròyìn náà fún? Bíṣọ́ọ̀bù ni, àti ìjọba tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, tó sì máa ń rán olùbẹ̀wò wá. Òyìnbó ni wọ́n fi kà á. Ìyá tó ta iṣu àti epo kí owó ilé ẹ̀kọ́ tó pé, bó bá tilẹ̀ wá, kò gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í wá rárá, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń retí ọmọ. Àwọn ọmọ tó sì ń gbọ́ ìròyìn náà kò pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955 pàápàá, girama ṣì jẹ́ ti ẹni tó lówó rẹ̀ tàbí ẹni tí Fada fojú rere wò.

Ó tún ku tẹ́sítímóníà. Abala ìwé kan ni, Fada tó mọ ọmọ náà fún ọdún márùn-ún ló ń kọ ọ́, òun ni ọmọ á sì mú lọ sí báńkì, sí iléeṣẹ́ UAC tàbí sí rélùwéè láti fi wáṣẹ́. Ìdágbére tó ń bá ènìyàn rìn dé ọjọ́ alẹ́ nìyẹn. Bí Fada bá kọ ọ́ pé ọmọ náà ṣeé fọkàn tán, iṣẹ́ ti dé. Bó bá kọ ọ́ pé olórí kunkun ni, ta ni yóò gbèjà rẹ̀? Ìwé òde òní wá yàtọ̀ pátápátá: fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kan kọ orúkọ sí àlàfo, ìwà gbogbo ọmọ sì dára. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Níbi tẹ́sítímóníà, n kò mọ èyí tí mo lè mú.

Kí a tó dé oṣù Keje, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín. Ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ láàárín 1970 sí 1980. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́ ní 1979, tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ náà, girama di ọ̀fẹ́. Ọmọ alágbàro wọlé, ọmọ onídìrí wọlé, kíláàsì kún àkúnwọ́sílẹ̀. N kò lè sọ pé nǹkan burúkú nìyẹn, láéláé. Àmọ́ ọ̀gá àgbà tí lẹ́tà ìjọba gbé wá lánàá, tí lẹ́tà mìíràn lè gbé lọ lọ́la, ìròyìn ọdún wo ni yóò kà? Nígbà tó tún yá, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gan-an ń lọ. Lábẹ́ Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n da ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ kiri Ọ̀ṣun, aṣọ di ẹyọ kan fún gbogbo ìpínlẹ̀, orúkọ àwọn mìíràn sì pòórá. Gómìnà Oyètọ́lá ló yí i padà ní 2020, tí orúkọ àti aṣọ àtijọ́ fi padà bọ̀. Ẹni tó jáde láàárín ọdún wọ̀nyẹn á ní orúkọ kan lórí ìwé ẹ̀rí, bàbá rẹ̀ tó kàwé níbẹ̀ á ní òmíràn. L'Ékòó, ìjọba ti dá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ láti 2001. Ìjọ Àgùdà tún dá tuntun tirẹ̀ sílẹ̀ níbi púpọ̀, olówó gọbọi, aládàáni.

Ibẹ̀ ni a ti ń bá oṣù Keje pàdé. Ìdágbére níbẹ̀ dùn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mísà ló ṣì ń ṣáájú, ṣùgbọ́n Yorùbá àti òyìnbó ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹ lọ wo ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ọrẹ lọ síbi pẹpẹ. Gángan á máa fọhùn, àwọn ọmọ tó ń jáde á tò ní méjì-méjì, wọ́n á máa jó díẹ̀díẹ̀: ẹni yìí gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú apẹ̀rẹ̀, ẹni yìí ru páálí Indomie, ẹni yìí fi tíṣù ìnùdí méjìlá há abíyá, ọmọkùnrin kan tó ga ju gbogbo wọn lọ gbé iṣu mẹ́ta, ó ń ṣọ́ra kó má ba gáùn rẹ̀ jẹ́. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò ó, ó ń fi gèlè nu ojú. Ìyá bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ayé ọjọ́sí, àwọn méjèèjì kò ní sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n da ìyẹn nù torí Te Deum, n kò ní gbà.

Ti ṣẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ tó ń jáde ń kọ nǹkan sí lára ńkọ́? Bí bébà WAEC tó kẹ́yìn bá ti parí ni màkà á jáde. Lílé ni Sista máa ń lé wọn, ó ní aṣọ tí àbúrò lè gbé wọ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́, òtítọ́ sì ni. Ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ kan náà ti ń bínú sí àṣejù ayẹyẹ; Imo fòfin de ti jẹ́lé-ó-sinmi ní 2025, ó fi ti oníwèé mẹ́wàá sílẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, torí kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹnì kan ń tọrọ àforíjì níbi èjìká. Ẹnì kan kọ orúkọ ìnagijẹ tí kò sí nínú rẹ́jísítà. Ẹnì kan kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí abẹ́ àpò. Ìròyìn ọdún tó ṣòótọ́ jù ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Torí pé èyí tí ọ̀gá àgbà ń sọ lórí pèpéle kì í pẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ PTA, ó ní èsì wa dára, DJ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kù di orí WhatsApp: ọjọ́ ìwọlé, owó tuntun, ìwé tí ẹ máa rà. Tíṣà tó ń lọ kò sí nínú rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, oṣù Keje ni wọ́n ń dá tíṣà dúró, kí wọ́n má bàa san owó ọlidé; oṣù Keje kan náà ni tíṣà tó rí ibi tó sàn jù ń yọ́ lọ, kí wọ́n má bàa mú owó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wà níbi ayẹyẹ, ó ń to àga, ó ń pín ráìsì fún àwọn òbí, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọmọ á wọlé, á bèèrè pé, “Ọ́ńkù Físíìsì dà?” Wọ́n á ní, “Ó ti lọ.” Ó parí. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ wa kò rí àtẹ́wọ́ gbà, nígbà tí ẹni tó yá wa ní kánópì gba tirẹ̀.

Ibi tí mo ti dá ti àtijọ́ láre nìyẹn, kò sì sí ibòmíràn. Ìyá nínú ìjókòó, èdè tó yé e, gángan, ọ̀pọ̀ ọmọ: oṣù Keje ló ni gbogbo rẹ̀. Kí ó máa gbé e lọ. Ìròyìn nìkan ni kó yá lọ́wọ́ oṣù Kejìlá.

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, Fada, Sista, ẹ jọ̀ọ́: ní ọdún yìí, kí DJ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde, ẹ ka ìròyìn ọdún ní Yorùbá. Iye ọmọ tó jókòó fún WAEC lọ́dún tó kọjá, àti iye tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú òyìnbó àti ìṣirò. Ohun tó bàjẹ́ lọ́dún yìí tí owó kò tíì ká. Lẹ́yìn náà orúkọ tíṣà kọ̀ọ̀kan tó ń lọ, iye ọdún tó lò, àti ohun tó kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n dìde kí a rí wọn. Ẹ̀yin òbí tó wà nínú PTA, bí wọn kò bá fi í sí ètò, ẹ bèèrè fún un ní ìpàdé tó ń bọ̀ kí táàmù kẹta tó parí.