Poro àti Ebè Lórí Plexiglass: Bí A Ṣe Ń Tẹ Àwòrán Drypoint Nílé

Tí ẹ bá gbọ́ ètò wa lórí plásítíìkì, ẹ á rántí pé a ò ráyè dé orí plexiglass rárá. Gbèsè yẹn ni mo fẹ́ san lónìí, àmọ́ mi ò ní gba ọ̀nà fèrèsé ọkọ̀ òfurufú tàbí pátákó ìpolówó. Ọ̀nà àwòrán ni mo fẹ́ gbà: bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fín in, tí a ń fi íńkì pa á, tí a sì ń tẹ ẹ̀dà àwòrán jáde lára ẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná. Drypoint ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà.

Plexiglass yìí kan náà ni àwa tó wà ní Britain ń pè ní Perspex. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè kọ acrylic sára ẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. PMMA ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà mọ̀ ọ́n sí. Ilé iṣẹ́ Otto Röhm ní Jámánì ló forúkọ Plexiglas sílẹ̀ ní 1933.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ ebè rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Bí ọkọ́ bá wọlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó kúrò nínú poro kì í pòórá. Ẹ̀gbẹ́ ló ń kó jọ sí, òun ló ń di ebè. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ ń ṣe lórí wàláà. Wàláà ni màá máa pe pẹlẹbẹ plexiglass tí a fín. Abẹ́rẹ́ la poro tín-ín-rín, ó sì ti ohun tó wà nínú ẹ̀ sókè sí ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ìka kọjá lórí ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára: ó rí ṣákiṣàki.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ebè yìí ni pé òun gan-an ló ń di íńkì mú. Poro náà ń gba íńkì, àmọ́ kò jìn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń nu ojú wàláà, aṣọ á fo ebè kọjá, íńkì tó sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ á ṣẹ́kù. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bébà tó rin díẹ̀ mọ́ ọn, íńkì yẹn á jáde, ilà á dúdú, etí ẹ̀ á sì rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi èédú yàwòrán tó sì fọwọ́ pa á. Rírọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń dá drypoint mọ̀.

Èyí ló yà á sọ́tọ̀ sí igbá fínfín ti àwọn ará Ọ̀yọ́. Ara igbá tí wọ́n fín gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà, ẹni tó fín in sì lè gbọn èérún dànù kó máa bá tiẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, tẹ́ ẹ bá gbọn ebè dànù, ẹ ti gbọn àwòrán dànù.

Bàbà ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí lò ní Yúróòpù. Ní 1653, Rembrandt fín àwòrán ńlá kan tó ní àgbélébùú mẹ́ta. Nígbà tí wàláà ẹ̀ gbó, ó tún un fín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwòrán mìíràn. Nílé tiwa, ní àwọn ọdún 1960, Ru van Rossem, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, wá kọ́ àwọn ayàwòrán ní ọ̀nà títẹ àwòrán lára irin ní Ìbàdàn àti Òṣogbo. Bruce Onobrakpeya wà lára àwọn tó kọ́ ọ, ó sì padà dá ọgbọ́n tirẹ̀ sílẹ̀ tó pè ní plastograph. Ká má rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni.

Bàbà rọ̀, ó máa ń tẹ̀ kó tó já, torí náà ebè ara ẹ̀ máa ń dì mọ́ ọn. Plexiglass ní tiẹ̀ kì í fẹ́ tẹ̀, ńṣe ló ń ṣẹ́. Bí ẹ bá ń fín in, apá kan ń dìde di ebè, apá kan ń ré bọ́ bí èérún. Wọ́n lè fi iná mànàmáná fi irin tín-ín-rín bo wàláà bàbà kó lè pẹ́. Nílé, kò sí irú ìyẹn fún plexiglass. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ bá gun ebè, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nǹkan bí ẹ̀dà 10 sí 20 ni ẹ lè retí kí ilà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwíà jẹun, ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, òun náà ló sì ká mi lára jù. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, ẹ̀dà kì í ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Fáìlì kan lè di ẹgbẹ̀rún, èyí àkọ́kọ́ ò ní mọ̀. Wàláà mọ̀. Àwòrán tí mo sì fẹ́ tẹ̀, àwọn tó ń retí ẹ̀ pọ̀. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí màmá mi, fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú tiwọn, fọ́tò kékeré tí wọ́n yà fún káàdì. Ó ti ṣá débi pé ilà ojú wọn ò hàn mọ́. Àwọn tó mọ̀ wọ́n nìkan ló lè sọ pé àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àti pé bààmú kan gba orí imú dábùú lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fi bírò ya bí ilà náà ṣe rí sórí ẹ̀dà fọ́tò, tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi. Mo ka àwọn tó ń béèrè, láti Ìṣẹ́yìn dé Houston: wọ́n jẹ́ 14. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Nítorí náà, ìdánwò kankan ò gbọ́dọ̀ wáyé lórí wàláà gidi. Ẹ gé àjákù kan lára plexiglass kan náà, ẹ fín oríṣiríṣi ilà sí i, kẹ́ ẹ ti orí ìyẹn dán íńkì, bébà àti ẹ̀rọ wò. Gígé ẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́: ẹ fi ọ̀bẹ fa ilà kan lórí ẹ̀ léraléra, ẹ gbé ilà yẹn sétí tábìlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á sì ṣẹ́ lójú ilà pátápátá. Gbogbo agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ló sá jọ sí ìdí poro yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà bá a níwájú. Ẹ wá fi sandpaper rẹ́ etí wàláà kó dà gẹ̀rẹ́, kó má baà gé bébà.

Ohun tí plexiglass fi ju bàbà lọ ni pé a ń rí òdìkejì ẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sábẹ́, ẹ máa tọ ilà ẹ̀. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fín sápá ọ̀tún, apá òsì ló máa bọ́ sí lórí bébà. Tó bá jẹ́ òdòdó, kò sóhun tó burú. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà wa, bààmú á ṣí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹni tó mọ̀ wọ́n á sì máa wo àwòrán náà bí ẹni wo àlejò. Ọgbọ́n ẹ̀ rọrùn: ẹ yí fọ́tò padà lórí kọ̀ǹpútà bí ìgbà tí èèyàn wo dígí, ẹ tẹ ìyẹn jáde, òun ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́.

Abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ tungsten carbide, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń sàmì, ló dára jù. Tẹ́ ẹ bá gbé e dúró ṣánṣán, ebè kékeré á yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá dà á díẹ̀, ebè kan tó ga á yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá dà á jù, ebè á ga lóòótọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ já. Fún ilà ojú, mo da abẹ́rẹ́ díẹ̀ kó lè dúdú. Fún etí gèlè, mo gbé e dúró. Ibi tó bá yẹ kó ṣókùnkùn, ẹ fa ilà tó sún mọ́ra. Ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, torí èérún yẹn máa ń ta. Tẹ́ ẹ bá sì yọ fọ́tò, ẹ fi bébà dúdú sábẹ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ fín á hàn ní funfun.

Íńkì olóròó tó ki la nílò, èyí tí omi àti ọṣẹ lè fọ̀, pàápàá tí ọmọdé bá wà nílé. Ẹ fi àjákù páálí tì í sínú ilà láti ìhà gbogbo, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ ojú wẹ́wẹ́ tó ní sítáàṣì nù ún yípo. Sítáàṣì ló mú kó le, tí kò fi ní wọnú poro lọ fa íńkì jáde. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ parí ẹ̀.

Bébà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òwú, kó sì nípọn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì fa omi ojú ẹ̀ gbẹ. Àwọn fọ́nrán inú bébà di ara wọn mú. Omi ń wọ àárín wọn, ó ń dẹ ìdè yẹn, bébà á sì rọ̀ débi tó fi lè wọnú poro. Bébà gbígbẹ á kàn gun orí ebè ni.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ká ní wàláà yín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ojú ẹ̀ jẹ́ 150 ní sẹ̀ǹtímítà oníbùú-lóòró. Tí ẹni tó wọn kílò 80 bá dúró lé e, ìwúwo ẹ̀ á pín sórí gbogbo 150 yẹn. Àmọ́ tí ìwúwo kan náà bá gba abẹ́ róólà, ibi tí róólà fara kàn lẹ́ẹ̀kan lè má ju ọ̀já tín-ín-rín kan lọ, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, mílímítà 2 ní fífẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 2 péré. Ìtẹ̀ ti di ìlọ́po 75 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sanra sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ pasta, oní róólà méjì, fi lè ṣe iṣẹ́ yìí, tí wàláà ò bá ti nípọn ju mílímítà 1 lọ. Ẹ fi aṣọ irun àgùntàn fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn bébà kó lè tì í wọnú poro. Ẹ ṣáà má fi ẹ̀rọ yẹn ṣe oúnjẹ mọ́ láéláé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ 3D printer, ẹ wo Open Press Project tó ti Cologne ní Jámánì wá: wọ́n fi fáìlì ẹ̀rọ ìtẹ̀ kékeré sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn ṣíbí náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ apá á ro yín.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má ṣe fi spírítì kan wàláà, tàbí sanitizer, tàbí omi tí wọ́n fi ń ṣí kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná. Ẹ rántí ìdí poro, níbi tí agbára ń sá jọ sí. Spírítì máa ń wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n molecule tó di plexiglass mú, ó ń tú wọn; ibi tó bá ti ń fà tẹ́lẹ̀ á là wẹ́wẹ́. Òróró tí a fi ń dín dòdò ni kẹ́ ẹ fi tú íńkì, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má ha á.

Ta ló máa wá gba ti àkọ́kọ́? Ẹ̀dà mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń dúdú jù. Bí a ṣe ń pín nǹkan nílé ni mo ṣe pín in, àgbà ló kọ́kọ́ mú, ó sì bá ohun tí ebè ń ṣe mu wẹ́kú, torí ojú àgbà ló nílò ilà tó dúdú. 1/14 lọ sí Ìṣẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, tí ojú wọn ṣì mú, ló ni àwọn ti ìparí, níbi tí àbàjà ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi fọ́nrán irun.

Íńkì olóròó kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń so òróró inú ẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi le, torí náà ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó wọ àpòòwé. Ẹ̀dà 11 sí 14 ṣì wà láàárín bébà afamimu báyìí, mo gbé àwọn ìwé kọ̀ǹpútà tí mi ò kà mọ́ lé wọn lórí kí wọ́n má baà ká kò.