Ìtàn àti Iye Ènìyàn Abúlé Regent ní Ilẹ̀ Sàró

Bí ènìyàn bá dé abúlé Yorùbá kan tí ó sì fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibẹ̀ ni pé ta ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Wọn yóò dárúkọ ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan fún un, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ka agbo ilé àti oríkì. Bí ó bá tún bèèrè bí àwọn ará abúlé náà ti pọ̀ tó, agbo ilé kan náà ni wọn yóò tún kà. Abúlé tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ní irú olùtẹ̀dó bẹ́ẹ̀. Regent ni orúkọ rẹ̀. Orí òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú Fìrítáùn ni ó wà, ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Èrò wa ni pé a kò lè ya ìtàn abúlé yìí sọ́tọ̀ kúrò lára bí a ti ṣe ka àwọn ènìyàn inú rẹ̀, àti bí a kò ti ṣe kà wọ́n.

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ní 1808, Fìrítáùn àti àyíká rẹ̀ bọ́ sábẹ́ Adé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun sì bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú lójú òkun wá síbẹ̀. Kọ́ọ̀tù ni yóò dá ẹjọ́ ọkọ̀ náà. A ó wá kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ orí, bí ó ti ga tó, àti ilà tàbí àpá tí ó wà lára rẹ̀. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wọn ni ó ń kọ orúkọ náà bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ, nítorí náà àwọn onímọ̀ ní láti máa fara balẹ̀ tú wọn kí wọ́n tó mọ ibi tí ẹni náà ti wá. Síbẹ̀, kò sí abúlé púpọ̀ ní Áfíríkà ní àkókò náà tí a mọ àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ nínú ìwé tó báyìí.

Nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ti kó díẹ̀ lọ sí orí òkè ní 1812. Hogbrook, èyí tí í ṣe odò ẹlẹ́dẹ̀, ni a kọ́kọ́ ń pe ibẹ̀, kí a tó fi orúkọ oyè ọmọ ọba tí ń ṣe adelé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Gómìnà Charles MacCarthy ni ó ṣètò pé kí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. máa ṣe àbójútó irú àwọn abúlé báyìí. Ní 1816 ni William A. B. Johnson, ará Hanover ní ilẹ̀ Jámánì, dé Hogbrook. Àwọn tí ó bá níbẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì wá láti inú ẹ̀yà 22. Àfi Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà díẹ̀, wọn kò ní èdè kan tí wọ́n jọ ń sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Charles, tí a fi òkúta kọ́ ní àkókò náà, ṣì wà níbẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kú sójú òkun ní 1823.

Àwọn ẹ̀yà 22 yìí ni ó yẹ kí á dúró lé lórí. Iye orí nìkan kò lè sọ fún wa irú àwùjọ tí ó wà níbẹ̀. Ní àkókò tí à ń wí yìí, àwọn ènìyàn wa kò tí ì pọ̀ ní Sàró. Ogun Òwu àti ìfọ́ Ọ̀yọ́ Ilé ni ó sọ wọ́n di púpọ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú láti nǹkan bí 1820 lọ. Àjàyí Crowther, tí a kó ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, gúnlẹ̀ sí Fìrítáùn ní 1822. Bathurst, abúlé tí ó wà nítòsí Regent, ni a fi í sí. Ní nǹkan bí 1830 ó di olùkọ́ ní Regent gan-an. Nítorí kíkí tí wọ́n ń kí ara wọn ní "ẹ kú" ni a fi ń pe gbogbo wọn ní Àkú. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ tí kì í pe ara wọn ní orúkọ kan náà nílé bọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé ìjọba. A lè sọ pé ìkànìyàn ti ṣe iṣẹ́ kan níhìn-ín tí ọba kankan kò tí ì ṣe. Ẹ̀rí pé wọ́n pọ̀ wà nínú èdè Krio títí di òní: àkàrà, ògì, àti kọ́mọjáde fún ìsọmọlórúkọ.

Ṣùgbọ́n bí àwọn kan ti ń dé ni àwọn mìíràn ń lọ. Láti 1839 ni àwọn Àkú ti bẹ̀rẹ̀ sí wọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Òwò sì fa ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn abúlé òkè sọ̀kalẹ̀ sí Fìrítáùn. Regent wá di abúlé ìgbèríko lásán tí ó ń ti òkè wo ìlú ńlá.

Ìyípadà kejì kò gba ojú òkun wá. Ogun abẹ́lé tí ó jà láti 1991 sí 2002 lé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wá sí Fìrítáùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà sílé mọ́. Ìlú kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Nínú ìkànìyàn 2004, àwọn tí ó wà ní Western Area Rural, ẹkùn tí Regent wà, jẹ́ nǹkan bí 174,000. Nígbà tí yóò fi di 2015, wọ́n ti tó nǹkan bí 444,000. Bí iye ènìyàn bá di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ láàrin ọdún 11, kò lè jẹ́ ọmọ bíbí nìkan ni ó fà á. Olówó àti tálákà ni ó gé igi tí ó sì kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òkè, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀ láti ayé àwọn Òyìnbó. Kò sí akọ̀wé tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kọ orúkọ àwọn wọ̀nyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Ògún, 2017, lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ lé àwọn ilé Regent lórí. Ẹrẹ̀ àti àpáta bá odò lọ títí dé Lumley. Iye tí ìjọba kéde níkẹyìn ni 1,141. Kí ẹni tí yóò bá lo iye yìí nínú ìwádìí ṣàkíyèsí pé kì í ṣe iye òkú: àwọn tí a rí òkú wọn àti àwọn tí a wá tì ni a kà pọ̀. Ẹni tí ó bá ní ará tàbí aládùúgbò tí yóò sọ pé òun ń wá a ni ó lè wọ inú ìwé náà. Ilé tí ẹrẹ̀ gbé lọ tòun ti gbogbo àwọn tí ó mọ̀ wọ́n kò ní ẹlẹ́rìí. Àwọn tí ó ti inú ọkọ̀ ẹrú dé orí òkè yìí ní igba ọdún ó lé sẹ́yìn ní àkọsílẹ̀ ju èyí lọ.

Ọ̀pọ̀ òkú náà ni a sin sí Waterloo, abúlé mìíràn tí a tẹ̀dó ní 1819 fún àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú.