Ṣé O Mọ̀? Ẹrù, Oògùn àti Ìròyìn Àwọn Arìnrìn-àjò Ńlá

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n dìídì kàn kí yìnyín lè há a mọ́lẹ̀? Fram ni orúkọ rẹ̀. Ní 1881, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeannette rì sínú òkun yìnyín ní òkè Siberia. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn rí ẹrù inú rẹ̀ létíkun Greenland, lódìkejì òkun náà. Fridtjof Nansen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló gbé ẹrù náà débẹ̀. Ìdáhùn tó rí ni pé yìnyín orí òkun ń rìn, ohun tó bá sì ń rìn lè gbé èèyàn. Ló bá ní kí Colin Archer kan ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ rí roboto, tó fi jẹ́ pé bí yìnyín bá fún un lọ́tùn-ún lósì, kò ní fọ́; yóò kàn yọ̀ bọ́rọ́ ni, yóò sì gòkè.

Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà kò gbà á gbọ́. Adolphus Greely ti Amẹ́ríkà, tí òun alára ti rí màbo nílẹ̀ yìnyín, sọ pé ikú ni Nansen ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá. Nansen kò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Ó kó oúnjẹ ọdún márùn-ún, ó mú èèyàn 12 mọ́ra, ó sì gbé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sórí ọkọ̀ kí iná mànàmáná lè máa tàn fún wọn láwọn oṣù tí oòrùn kì í yọ níbẹ̀. Yìnyín mú wọn ní oṣù Kẹsàn-án 1893, ó sì tú wọn sílẹ̀ lápá kejì ní oṣù Kẹjọ 1896. Ẹnikẹ́ni kò kú. Nansen fúnra rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì pẹ̀lú ẹnì kan láti fẹsẹ̀ rìn lọ sí góńgó àríwá ayé. Kò débẹ̀. Inú ahéré olókùúta kan ló ti lo gbogbo ìgbà òtútù, ẹran béárì ló ń jẹ, ó sì sanra sí i.

Ọkọ̀ yìí kan náà ni Roald Amundsen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè mìíràn, gbé nígbà tó parọ́ fún gbogbo ayé. Ó ní góńgó àríwá lòun ń lọ. Ìgbà tí wọ́n dé erékùṣù Madeira, ní oṣù Kẹsàn-án 1910, ló tó sọ fún àwọn atukọ̀ rẹ̀ pé gúúsù ni. Ó fi wáyà ránṣẹ́ sí Robert Scott, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti mú ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀n, iṣẹ́ náà sì bá Scott ní Melbourne. N kò ní gbè sẹ́yìn irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe mọ ètò ṣe, kò sí ẹni tó lè bù ú kù.

Ṣé o mọ bó ṣe tọ́jú oúnjẹ sójú ọ̀nà? Ibi tó bá ṣe àká sí, yóò to àsíá lọ jìnnà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, yóò sì sàmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kùrukùru bá mú ṣìnà, tó bá ti kan àsíá kan péré, ó ti mọ ìhà tí oúnjẹ wà. Ó jó ojú agolo kẹrosíìnì rẹ̀ pa kí epo má baà jò. Ajá 52 ló wọ́ ẹrù wọn kúrò ní àgọ́, 11 ló padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ni wọ́n ti pa jẹ lójú ọ̀nà, torí ó ti wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ajá tó gbé oúnjẹ náà ni yóò di oúnjẹ. Àwọn márùn-ún dé góńgó gúúsù ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, 1911.

Scott débẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, 1912, ó bá àsíá Nọ́wè. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n ń rí i pé epo inú agolo tí wọ́n fi pamọ́ ti dín. Ibi tí òun àti àwọn méjì tó kù kú sí kò ju máìlì 11 lọ sí àká ńlá kan. Àká náà ì bá sì wà lẹ́yìn wọn nígbà yẹn, ká ní wọ́n gbé e dé ibi tí wọ́n pète. Àárẹ̀ tó mú àwọn ẹṣin wọn lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó débẹ̀. Nínú ẹrù wọn ni wọ́n ti bá òkúta bíi kìlógíráàmù 16. Àwọn kan ṣì ń bú wọn pé kí ló dé tí ẹni tí ebi ń pa kú lọ ń wọ́ òkúta kiri. Èmi kò sí lára wọn. Ewé igi àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Glossopteris wà lára òkúta wọ̀nyẹn, òun sì wà lára ẹ̀rí pé ilẹ̀ yìnyín yẹn ti hu igbó rí, pé ó ti lẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ mìíràn rí.

Lónìí, òpó tó ń júwe góńgó gúúsù kì í pẹ́ lójú kan. Yìnyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sún nǹkan bíi mítà 10 lọ́dún, nítorí náà gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ni wọ́n ń ri tuntun mọ́ ojú ibi tó yẹ gan-an. Aago New Zealand ni wọ́n ń lò níbẹ̀, torí àtibẹ̀ ni bàálù tó ń kó ẹrù wọn ti ń gbéra. Ajá kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ Antarctica mọ́ láti 1994.

Jẹ́ ká sún mọ́lé. Ṣé o mọ̀ pé Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́mọdé, bá àwọn òyìnbó rin ìrìn-àjò méjì lórí Odò Ọya, tí èkínní pa òyìnbó bí ẹni pa eṣinṣin, tí èkejì kò sì pa ẹyọ ẹnì kan?

Ti 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí jù. Ọkọ̀ mẹ́ta ni: Albert, Wilberforce àti Soudan. Nígbà náà, ohun tí àwọn dókítà gbà ni pé afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ló ń fa ibà. Wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba inú àpótí irin tí wọ́n kó kẹ́míkà sí, kó tó dé yàrá tí wọ́n ń sùn. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀fọn náà ń ṣiṣẹ́. Nínú òyìnbó bí 145, nǹkan bí 130 ni ibà dá dùbúlẹ̀, àwọn tó kú sì ju 40 lọ. Ó burú débi pé nígbà tí Albert ń sọ̀ kalẹ̀ padà sí òkun, dókítà rẹ̀, McWilliam, ló ń darí ọkọ̀. Ẹni tó ń wa ẹ́ńjìnnì ni Stanger, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ yíyẹ òkúta àti ilẹ̀ wò. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀rọ oníná èéfín ló ṣí, tó ń kà, tó sì ń fi wa ọkọ̀.

Ní 1854, ọkọ̀ kan ṣoṣo, Pleiad, ló wọ odò náà. William Balfour Baikie, dókítà ọkọ̀ ojú omi, ló ṣe olórí, torí ẹni tí wọ́n yàn sípò náà ti kú kí ọkọ̀ tó wọ odò. Ó ní kí wọ́n máa lo kuníní lójoojúmọ́, kí ibà má tíì dé, kì í ṣe ìgbà tó bá dé tán. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí omi, wọ́n wọ Odò Bẹ́núé jìnnà ju ibi tí òyìnbó kankan tíì fi ọkọ̀ dé, gbogbo wọn sì padà láàyè. Bẹ́ẹ̀, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló wà nídìí ọ̀ràn náà. 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Crowther kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1855. Bí ó bá jẹ́ tèmi, ìwé ìrìn-àjò yẹn ni a bá máa fún àwọn ọmọ iléèwé wa kà kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ òyìnbó arìnrìn-àjò tó ń jẹ́ Mungo Park.

Ti ìròyìn ńkọ́? Ní 1953 tí Edmund Hillary àti Tenzing Norgay gun orí Everest, ìwé ìròyìn The Times ló ti sanwó láti kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀rù ń ba akọ̀ròyìn wọn, James Morris, pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lè jí ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lójú ọ̀nà. Ó bá kọ iṣẹ́ ránṣẹ́ pé yìnyín kò dára, pé wọ́n ti fi àgọ́ iwájú sílẹ̀, pé wọ́n ń dúró kí nǹkan sàn. Ẹni tó bá kà á yóò káàánú wọn. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé gbólóhùn kìíní túmọ̀ sí pé wọ́n ti dé orí òkè, èkejì dúró fún Hillary, ẹ̀kẹta fún Tenzing. Ìròyìn náà jáde ní London ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n ń dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé. Alárù tó ju 350 lọ ló ru ẹrù wọn lọ sí ìdí òkè náà. Orúkọ wọn kò sí nínú wáyà.

Junko Tabei, obìnrin àkọ́kọ́ tó gun Everest, ní 1975, fi àwọ ìjókòó mọ́tò àtijọ́ rán ìbọ̀wọ́ fún ìrìn-àjò náà nítorí àìlówó. Yìnyín tó ya lulẹ̀ bo àgọ́ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n wú u jáde, ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà ló dé orí òkè.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn apẹja Adágún Chad ló kan ọkọ̀ tí wọ́n fi fẹ́ sọdá òkun Àtìláńtíìkì ní 1969? Arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Thor Heyerdahl ló kó wọn lọ sí Íjíbítì. Ẹ̀yìn àwọn pírámídì ni wọ́n ti fi koríko odò di ọkọ̀ Ra, ọ̀kan nínú wọn, Abdullah Djibrine, sì bá wọn wọ inú rẹ̀. Ìrù ọkọ̀ náà ká sókè bíi ti àwòrán ará Íjíbítì ayé àtijọ́, okùn kan sì so ó mọ́ inú ọkọ̀. Wọn kò mọ iṣẹ́ tí okùn yẹn ń ṣe, wọ́n yọ ọ́. Ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ omi, wọ́n sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tí Barbados kò jìnnà mọ́. Lọ́dún 1970, Ra kejì gbéra láti Mòrókò, ó dé Barbados ní ọjọ́ 57.

Bí o bá sọnù lórí òkè ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni kí o fọn fèrè láàárín ìṣẹ́jú kan, kí o sinmi ìṣẹ́jú kan, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta padà, wọ́n ti gbọ́ ẹ.

Ọlábísí Àjàlá fi alùpùpù Vespa káàkiri ayé, ó sì kó ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ní 1963. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe rìn gbọ́dọ̀ dúró títí ìwé fi jáde. Ti Pelumi Nubi kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí dá wa mọ́tò Peugeot 107 kékeré láti London wá sí Èkó ní 2024, orí fóònù ni àwọn èèyàn sì ti ń tẹ̀ lé e lójoojúmọ́, wọ́n ń wò ó níbi tó ti ń sè, tó ti ń sùn. Nígbà tó lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró sójú ọ̀nà ní Ivory Coast, àwọn tó ń tẹ̀ lé e gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá yóò padà sílé. Ó ní kí wọ́n bá òun tún mọ́tò ṣe. Ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, ló wọ Èkó.