Igi Ògùrọ̀ Etí Ọ̀sà

Ẹni tí ó bá gba ojú omi wọ Ẹ̀pẹ́ yóò rí i pé ọ̀pẹ inú àbàtà etí ọ̀sà kì í ṣe irú èyí tí a ń kọ ẹyìn rẹ̀. Ògùrọ̀ ni. Imọ̀ rẹ̀ lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, èso rẹ̀ sì ní ìpẹ́ bí ẹja. Raphia hookeri ni Mann àti Wendland sọ ọ́ ní ọdún 1864, láti bu ọlá fún Hooker ti ọgbà Kew ní London.

Ìko tí gbogbo wa ti fi hun nǹkan rí nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ara ewé ọ̀dọ́ rẹ̀ ni a ti ń bó o. Raffia ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Láti èdè àwọn ará erékùṣù Madagásíkà ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìbátan ògùrọ̀ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi àárín imọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ó sì le. A fi ń ṣe àjà ilé àti ọ̀pá tí a fi ń ti ọkọ̀. Àwọn apẹja mìíràn a máa gún èso rẹ̀ sínú omi kí ojú ẹja lè ṣú. Àṣà yìí kò wù wá, nítorí kì í ya ọmọ ẹja sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ wá lójú jù ni ikú igi yìí. Ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn a máa so lọ́dọọdún. Ìtì ògùrọ̀ kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún ọdún púpọ̀ ni yóò máa kó oúnjẹ jọ sínú, lẹ́yìn náà yóò tanná, yóò so, yóò sì kú. Oúnjẹ tí ó kó pamọ́ de èso yìí gan-an ni adẹ́mu ń gbà. Nígbà tí ewé orí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, adẹ́mu mọ̀ pé àkókò tó. Yóò gùn ún, yóò ṣí ọkàn rẹ̀, yóò sì máa bẹ́ ẹ lójoojúmọ́, omi dídùn yóò sì máa ro sínú akèrègbè. Láìpẹ́ ìwúkàrà yóò sọ ọ́ di ohun tí ń pa ènìyàn. (Bóyá ó yẹ ní mímu tàbí kò yẹ, a fi í sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ wa.)

Ògùrọ̀ tí a bá dá báyìí kò ní fi irúgbìn sílẹ̀. Bí a bá dá gbogbo èyí tí ó wà nínú àbàtà kan, tí a sì tún ń fi iyanrìn dí àbàtà láti kọ́ ilé, níbo ni òmíràn yóò ti hù? Àwọn adẹ́mu tí ó mòye a máa fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó so. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbìn ín lè ṣa èso tí ó bọ́, kí ó rì í sí ilẹ̀ tí ó tutù, kí ó sì ní sùúrù, nítorí èèpo rẹ̀ le, ó sì lè tó oṣù púpọ̀ kí ó tó hù.