Purotéènì fún aboyún tí kì í jẹ ẹran àti ẹja

Àwọn kókó pàtàkì

• Aboyún tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja lè rí purotéènì tí ó tó fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ inú rẹ̀ láti ara ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti ọkà, bí ó bá ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́ tí ó sì ń jẹ wọ́n tó.

• Ìwọ̀n purotéènì tí ara nílò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún. Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn ni ó pọ̀ jù lọ.

• Attiéké, placali, foutou àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díńdín ń fún ara lágbára, ṣùgbọ́n purotéènì inú wọn kéré púpọ̀. Bí a bá yọ ẹja kúrò lórí àwo, ó yẹ kí a fi oúnjẹ mìíràn tí ó ní purotéènì rọ́pò rẹ̀.

• Kò sí ewéko tí a lè gbára lé fún fítámì B12. Aboyún tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà gbọ́dọ̀ rí i gbà láti inú oògùn tàbí oúnjẹ tí a fi fítámì náà kún.

• Gbogbo aboyún, yálà ó ń jẹ ẹran tàbí kì í jẹ ẹ́, ni ó yẹ kí ó máa lo èròjà irin àti fólíkì ásíìdì tí ilé ìwòsàn bá fún un.

Àkópọ̀

Ní Abidjan, ìlú tí ó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ọbẹ̀ tí kò ní ẹja tàbí ẹran nínú sí ọbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aboyún kan wà tí wọn kì í jẹ ẹja, tí wọn kì í sì í jẹ ẹran. Ẹ̀sìn ni ó fà á fún àwọn kan. Àwọn mìíràn ti pinnu bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lóyún. Òórùn ẹja ni ó ń mú àwọn mìíràn bì ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, owó ọjà ni kò sì jẹ́ kí àwọn mìíràn rí i rà. Ìdí yòówù kí ó jẹ́, ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú gbogbo wọn: kí ni yóò rọ́pò ohun tí a yọ kúrò?

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Treichville, Adjamé àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Abidjan, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Anango, tí púpọ̀ nínú wọn sì tan mọ́ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ àwọn oúnjẹ tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà dunjú: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ohun tí ó kù ni kí aboyún mọ ìwọ̀n tí ó tó, kí ó sì mọ ohun tí àwọn oúnjẹ wọ̀nyí kò lè pèsè.

Kí ni purotéènì ń ṣe nínú oyún?

Purotéènì ni ara fi ń mọ ẹran ara, ẹ̀jẹ̀, awọ àti gbogbo ẹ̀yà ara. Nígbà oyún, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí òun ni a fi ń mọ ara ọmọ, ibi ọmọ àti ilé ọmọ tí ó ń tóbi sí i. Ẹ̀jẹ̀ ìyá pẹ̀lú ń pọ̀ sí i, purotéènì sì wà lára ohun tí ara fi ń ṣe é.

Àwọn èròjà kéékèèké tí a ń pè ní àmínò ásíìdì ni ó para pọ̀ di purotéènì. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Inú oúnjẹ nìkan ni a ti ń rí wọn. Ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà kò ní èyí tí a ń pè ní láísìnì tó, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Mẹ̀táyónínì ni kò pọ̀ nínú ẹ̀wà, ọkà sì ní in. Nítorí náà, ohun tí ó kù díẹ̀ nínú ọ̀kan ni èkejì ń pèsè. Kò pọn dandan kí méjèèjì wà nínú àwo kan náà. Bí aboyún bá jẹ wọ́n láàárín ọjọ́ kan, ara yóò lò wọ́n pọ̀.

Bí aboyún kò bá jẹun yó, ara rẹ̀ yóò máa fi purotéènì wá agbára dípò kí ó fi mọ ara ọmọ. Nítorí èyí, kò yẹ kí ó dín attiéké tàbí iṣu kù kí ó lè jẹ ẹ̀wà. Ńṣe ni kí ó fi ẹ̀wà kún un. Àìjẹunrekánú nínú oyún wà lára ohun tí ó ń mú kí a bí ọmọ tí kò wọ̀n tó kílò 2.5, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ewu àìsàn àti ikú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n wo ni ó tó?

Ìjábọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé gíráàmù 0.83 purotéènì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kílò tí àgbàlagbà wọ̀n ni ó tó fún un lóòjọ́. Fún aboyún, a ó fi nǹkan bí gíráàmù 1 kún un lóòjọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí 10 ní oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, àti nǹkan bí 31 ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn.

Bí àpẹẹrẹ, obìnrin tí ó wọ̀n ní kílò 60 kí ó tó lóyún nílò nǹkan bí gíráàmù 50 lóòjọ́. Nígbà tí oyún rẹ̀ bá wọ oṣù mẹ́rin, yóò nílò nǹkan bí 60. Nígbà tí ó bá wọ oṣù méje, yóò nílò nǹkan bí 81. Ara kì í lo purotéènì inú ewéko tán pátápátá bí ó ti ń lo ti inú ẹyin tàbí wàrà, nítorí náà ó dára kí ẹni tí kò jẹ nǹkan mìíràn ju ewéko lọ máa jẹ kọjá ìwọ̀n yìí díẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú àwo

Ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a jẹ́ kí ó kan, tí a sì fi ooru omi gbígbóná sè ni attiéké. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ sínú àkójọ ogún àṣà ọmọ aráyé. Oúnjẹ gidi ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ agbára ni: nínú gíráàmù 100 rẹ̀, purotéènì kò ju nǹkan bí gíráàmù 1 sí 2 lọ. Nínú garba tí àwọn ará Abidjan fẹ́ràn, ẹja tuna díńdín ni ó ń mú purotéènì wá. Aboyún tí ó bá yọ ẹja náà, tí ó sì ń jẹ attiéké pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátì àti ata nìkan, yóò yó, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí a fi ń mọ ara ọmọ jẹ.

Kúùbù tí a fi ń mú ọbẹ̀ dùn kò lè dí ààyè yìí. Ó lè mú ọbẹ̀ ta sánsán bí ọbẹ̀ ẹran, ṣùgbọ́n purotéènì ẹran kò sí nínú rẹ̀. Irú, tí wọ́n ń pè ní soumbara ní Abidjan, ní purotéènì púpọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni a sábà máa ń fi sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn oúnjẹ tí ó lè rọ́pò ẹran àti ẹja nìyí, pẹ̀lú ìwọ̀n purotéènì tí ó wà nínú gíráàmù 100 wọn ní gbígbẹ:

• ẹ̀wà sóyà: nǹkan bí gíráàmù 36;
• ẹ̀gúsí, tí wọ́n ń pè ní pistache ní Abidjan: nǹkan bí gíráàmù 28;
• ẹ̀pà: nǹkan bí gíráàmù 25;
• ẹ̀wà, tí wọ́n ń pè ní niébé: nǹkan bí gíráàmù 23;
• yànmọtí: nǹkan bí gíráàmù 17;
• àgbàdo: nǹkan bí gíráàmù 9;
• ìrẹsì: nǹkan bí gíráàmù 7.

Fún ẹni tí ó ń jẹ ẹyin tí ó sì ń mu wàrà, ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6, ife wàrà kan sì ní nǹkan bí 8. Kí ó se ẹyin jinná, kí ó sì se wàrà tútù kí ó tó mu ún.

Oúnjẹ ọjọ́ kan

Àpẹẹrẹ yìí wà fún obìnrin kílò 60 tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù méje.

Àárọ̀: àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tí a fi gíráàmù 75 ẹ̀wà gbígbẹ ṣe, pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu àti ife wàrà sóyà kan. Purotéènì rẹ̀ tó gíráàmù 25.

Ọ̀sán: attiéké pẹ̀lú ẹ̀wà sísè tí ó jẹ́ gíráàmù 100 ní gbígbẹ, tòmátì, àlùbọ́sà, àti ọsàn kan. Purotéènì rẹ̀ tó gíráàmù 25.

Ìrọ̀lẹ́: ẹ̀pà tí ó kún àtẹ́lẹwọ́, nǹkan bí gíráàmù 40. Purotéènì rẹ̀ tó gíráàmù 10.

Alẹ́: ìrẹsì gíráàmù 100 pẹ̀lú ọbẹ̀ tí a fi gíráàmù 40 ẹ̀gúsí àti ewé ọ̀dùnkún tàbí ẹ̀fọ́ mìíràn sè. Purotéènì rẹ̀ tó gíráàmù 21.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 81. Aboyún tí ẹ̀wà púpọ̀ bá ń ni lára lè fi ẹyin méjì tàbí wàrà sóyà dídì rọ́pò apá kan nínú rẹ̀. Nígbà tí oyún bá ti tóbi, àyè inú ikùn a máa dín kù. Ó sàn kí ó jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ẹni tí òórùn oúnjẹ ń mú bì lè jẹ mọ́ínmọ́ín tí ó ti tutù, nítorí oúnjẹ tútù kì í rùn tó èyí tí ó gbóná. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sùn kalẹ̀ nínú ooru.

Bí a bá rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, tí a sì da omi náà nù, kì í pẹ́ jinná, kì í sì í kún inú ní afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà tí ó bu, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó korò kò yẹ fún jíjẹ, nítorí májèlé afilatóòsìn lè wà nínú rẹ̀. Yíyan tàbí sísè kì í sì í mú un kúrò tán.

Àwọn èròjà tí ẹran máa ń mú dání

Purotéènì nìkan kọ́ ni ẹran àti ẹja ń fúnni. Ẹni tí kì í jẹ wọ́n gbọ́dọ̀ wá ìyókù pẹ̀lú.

Fítámì B12: aboyún nílò nǹkan bí máíkrógíráàmù 2.6 lóòjọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti irú kò lè pèsè rẹ̀. Àìtó rẹ̀ lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan ìmọ̀lára ìyá àti ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Èròjà irin: ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á bí ti inú ẹran. Ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí tòmátì tí a jẹ pẹ̀lú oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́. Tíì àti kọfí ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà kí aboyún má ṣe mu wọ́n mọ́ oúnjẹ.

Kálísíọ́ọ̀mù àti áyódíìnì: wàrà, yànmọtí àti ẹ̀fọ́ ń pèsè kálísíọ́ọ̀mù. Iyọ̀ tí a fi áyódíìnì kún ni a ti lè rí áyódíìnì.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn

Nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2016, àjọ náà dámọ̀ràn pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ó sì máa lo mílígíráàmù 30 sí 60 èròjà irin àti mílígíráàmù 0.4 fólíkì ásíìdì lóòjọ́. Kò yẹ kí aboyún dédé ra fólíkì ásíìdì mílígíráàmù 5 lò nígbà tí ó bá ń lo oògùn sulfadoxine-pyrimethamine tí a fi ń dènà ibà, nítorí ó lè sọ oògùn náà di aláìlágbára.

Àjọ náà kò dámọ̀ràn lúlúbú tàbí ohun mímu tí purotéènì pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún aboyún, kódà ní ibi tí àìjẹunrekánú ti pọ̀. Oúnjẹ tí ó pé ni ó sàn jù.

Ohun tí ẹbí àti òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe

Ọkọ tàbí ìyá ọkọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè fẹ́ lọ ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀ láìsọ. Ìyẹn ń ba ìfọkàntánni jẹ́, aboyún tí ó bá sì fura lè má fẹ́ jẹ ọbẹ̀ náà rárá. Ó sàn kí wọ́n rí i pé ẹ̀wà kò wọ́n nílé, kí ẹlòmíràn máa bá a rẹ ẹ́, kí ó sì máa bá a sè é, nítorí iṣẹ́ ẹ̀wà pọ̀ fún ẹni tí ó rẹ̀.

Nígbà tí aboyún bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, kí ó sọ fún agbẹ̀bí pé òun kì í jẹ ẹran tàbí ẹja, kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì pinnu lórí fítámì B12. Kí òṣìṣẹ́ ìlera bi í léèrè ohun tí ó ń jẹ dípò wọn, kí ó tó gbà á nímọ̀ràn.

Aboyún tí kò sanra sí i bí oyún ti ń dàgbà, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tipiri gbọ́dọ̀ tètè lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.