Nínú ẹyin ẹja, àṣẹ ìyá ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀, tí wọ́n ń pè ní silure ní Faransé, mọ ìbànújẹ́ yìí: a fi àtọ̀ akọ po ẹyin, a dà á sómi, ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ẹyin ti funfun báláú. Omi la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, tàbí akọ. Lóòótọ́, omi burúkú ń pa ẹyin, àtọ̀ tí kò dáa kì í sì í jẹ́ kó gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìyá náà.

Gène dà bí ìwé àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń sọ bí ara yóò ṣe rí. Ọmọ ẹja gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àtọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹyin, ìwé tuntun yẹn ṣì wà ní pípadé. Ta ló wá ń darí iṣẹ́? Ìyá ni. Kí ẹyin tó kúrò níkùn rẹ̀, àwọn gène tirẹ̀ ti fi ẹ̀dà àṣẹ àti oúnjẹ sínú rẹ̀, bí ìyá tó ń lọ sọ́jà ṣe ń se ọbẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń sọ iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe.

Ẹja kékeré abilà kan, poisson-zèbre, làwọn onímọ̀ fi wo èyí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, sẹ́ẹ̀lì kan di méjì; lẹ́yìn náà, ó ń pín ní bí ìṣẹ́jú 15 síra. Ó di bíi wákàtí 3, tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lọ sí 1000, kí gène ọmọ fúnra rẹ̀ tó jí dáadáa. Bí àwọn kan nínú gène ìyá bá bàjẹ́, ọlẹ̀ lè kú, bí ti bàbá tiẹ̀ pé. Christiane Nüsslein-Volhard, ọmọ Jámánì, wà lára àwọn 3 tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995 lórí irú iṣẹ́ yìí. Ara eṣinṣin kékeré tí í yí èso rírà ká ló ti kọ́kọ́ ṣe é, kó tó kan ẹja.

Kí la máa fi í ṣe? Ìtọ́jú ọmọ ẹja ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó fún ẹyin. Ẹ yan ìyá tó dàgbà, tára rẹ̀ dá, kẹ́ ẹ bọ́ ọ yó dáadáa. Ẹ má fún ẹyin tí kò tíì gbó, ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó gbó pẹ́ níkùn. Ohun tí ìyá kò bá fi sílẹ̀, omi tó dáa kò lè fi kún un.