Ẹ̀yin tó ń rọ irin nílé, ẹ ṣọ́ra fún páìpù omi

Àwọn kan tó ń fi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ dára yá nílé máa ń fi àlòkù páìpù omi gbé atẹ́gùn ẹwìrì wọ inú iná. Ewu ń bẹ níbẹ̀ o! Síńkì ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ irú páìpù bẹ́ẹ̀ kó má baà dógùn-ún. Síńkì máa ń hó ní 907°C, iná alágbẹ̀dẹ sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fa èéfín funfun rẹ̀ símú, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, òtútù á mú un, á rò pé ibà lásán ni. Páìpù dúdú tí kò ní síńkì ló yẹ kí wọ́n lò, níta gbangba. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn iṣẹ́, kí onítọ̀hún sọ fún dókítà pé irin lòun rọ.